Apani Tí Kì Í Rú Èéfín

Àwọn baba wa gbà pé èéfín kò ṣeé fi pamọ́. Wọ́n ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ẹni tó bá dáná sínú yàrá, bó ti wù kó ti ilẹ̀kùn pa tó, èéfín á jáde lọ ròyìn rẹ̀ fún ará ìta. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tún ní ọmọ mìíràn tí kì í rú, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í ta èèyàn lójú. Carbon monoxide ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ibikíbi tí igi, èédú, kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí gáàsì ìdáná bá ti ń jó tí afẹ́fẹ́ kò tó o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí i. Bí a bá fà á símú, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó ju 200. Ẹni tó bá sì ń sùn lọ́wọ́, ó lè má jí mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé ìtàn gáàsì yìí, ìtàn ẹ̀sùn ni. Nítorí pé ojú kì í rí i, ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ ọ pé bàbá, ìyá àtọmọ sùn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jí? Kí jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tutù, àdúgbò ti ní májèlé ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo orogún tàbí ìyá ọkọ tó wá kí wọn lánàá. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán nínú ẹbí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù September 1902, Émile Zola, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Faransé, sùn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní Paris. Iná wà nínú yàrá, ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé sì ti dí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Zola ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ṣì ń mí, ó sì yè é. Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ní ọ̀tá. Ní 1898 ló kọ lẹ́tà gbangba sí Ààrẹ ilẹ̀ náà láti gbèjà Dreyfus, ọ̀gá ológun Júù kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké rán lẹ́wọ̀n. Àwọn aláṣẹ wádìí ikú náà, wọ́n ní jàǹbá lásán ni. Títí dòní àwọn kan ń sọ pé ńṣe ni ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dí ihò yẹn. Èmi ò lè bá wọn jiyàn. Ẹ̀rí ti bá gáàsì lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá wa mú apani yìí dáadáa ni John Scott Haldane, dókítà ará Scotland. Ní 1896 ihò èédú kan bú gbàù ní Tylorstown, ní Wales, èèyàn 57 sì kú. Gbogbo ayé rò pé ìbúgbàù ló pa wọ́n. Haldane yẹ òkú wọn wò, ó rí i pé gáàsì tó tẹ̀ lé ìbúgbàù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkùnrin yìí ti jókòó rí, tó ń fa gáàsì náà símú fúnra rẹ̀, tó sì ń kọ bó ti ń ṣe é sílẹ̀. (Irú iṣẹ́ yẹn, kí Ọlọ́run má fi rán wa.) Òun ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ẹran kékeré wọ ihò: eku, tàbí ẹyẹ canary, ẹyẹ olórin tó bá ìbákà tiwa tan. Ara ẹyẹ kéré, mímí rẹ̀ yá, nítorí náà gáàsì á mú un kó tó mú èèyàn. Bó bá ti ń mì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ lórí igi àgò rẹ̀, kí awakùsà yáa sá jáde. Àgò kan tilẹ̀ wà tó ní ìgò ọ́síjìn lórí, tí wọ́n fi ń jí ẹyẹ tó bá dákú. Ọdún 1986, ọdún tí Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kéde pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ.

Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èéfín ní tirẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wáyé. Ṣáájú 1940, Walter Jaeger ní Switzerland ń wá ẹ̀rọ tí yóò mọ májèlé inú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní kò rí i ṣe, ló bá tan sìgá, àfi bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe mì: èéfín sìgá ló mọ̀! Ó di ẹ̀yìn 1970 kí èyí tó ń lo bátìrì, tí mẹ̀kúnnù lè rà, tó wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà.

Mo rí ọ̀kan lórí àjà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Mo ní, “Àǹtí, bátìrì rẹ̀ ńkọ́?” Wọ́n ní, “Jẹ́ n gbádùn! Bí mo bá ti gbé ata kaná, igbe ni. Mo ti yọ ọ́ sínú rédíò.” Ata kò ṣẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ṣẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n kàn án mọ́. A sún un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá, mo ra bátìrì tuntun, igbe sì dínkù. Ní England, láti 2015 ló ti di òfin pé kí onílé tó ń gbowó ilé fi ẹ̀rọ èéfín sí àjà kọ̀ọ̀kan ilé. Láti October 2022, ó tún gbọ́dọ̀ fi ti carbon monoxide sí yàrá tí ẹ̀rọ oníná, yàtọ̀ sí sítóòfù gáàsì, bá wà.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ ni kó ra ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe é ní àṣìmú: ẹ̀rọ èéfín lásán kì í mọ gáàsì yìí, àfi èyí tí wọ́n bá ṣe fún méjèèjì. Òkè àjà ni ti èéfín, nítorí èéfín ń gòkè. Gáàsì yìí ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó afẹ́fẹ́, káàkiri yàrá ló ń lọ, nítorí náà ìtòsí ibi tí a ń sùn ni kí tirẹ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù, ẹ máa nu eruku ara rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí akunlé kùn ún. Bó bá ń ké “pí” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń kú lọ. Ti èéfín kì í lò ju ọdún 10 lọ. Ti gáàsì, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Àní bó bá tilẹ̀ wà lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni gáàsì yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi ibà gẹ́lẹ́. Bí gbogbo ilé, títí kan àlejò, bá ṣe “ibà” nírọ̀lẹ́ kan náà, tí ara wọn sì yá nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ẹ má wulẹ̀ ra oògùn ibà. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn wà níta, kí ẹ sì gbé ẹni tó bá rẹ̀ jù lọ sí ọsibítù.

Èyí tí mo kàn sítòsí yàrá wa, kámẹ́rà ni àwọn àlejò rò pé ó jẹ́. Wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún gèlè ṣe.