Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Wọ Ẹ̀wù Àgbà

Iwájú ibùdókọ̀ rélùwéè Ikutora, ní Minamifurano ní erékùṣù Hokkaido, lápá àríwá Jàpáànì, ni ọkọ̀ ojú irin tí a lọ wò wà. Apá iwájú rẹ̀ nìkan ni o. Wọ́n ti gé ìyókù kúrò. Ojú títì la gbà débẹ̀, torí ọkọ̀ ojú irin kankan kò dé Ikutora mọ́.

KiHa 12 23 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ọkọ̀ àwọn ọdún 1950 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. KiHa 40 764 lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì tó kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tó ń fara wé ní nǹkan bí ogún ọdún. Nígbà tí Yasuo Furuhata fẹ́ ya fíìmù *Poppoya*, tó jáde ní 1999, gbogbo KiHa 12 ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ni wọ́n bá pààrọ̀ fèrèsé àti iná iwájú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì tún un kùn kó lè dàgbà. (“Poppo” ni ìró ọkọ̀ ojú irin létí ọmọ Jàpáànì, bí tiwa ṣe ń sọ fàkàfíkì, poppoya sì ni òṣìṣẹ́ rélùwéè.) Ken Takakura ló ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, tó tún wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Wọ́n sì ti fẹ́ ti ọ̀nà ojú irin rẹ̀ pa.

Ẹ̀rí kí wá ni ọkọ̀ yìí ń jẹ́? Lórí ọdún 1950, ẹlẹ́rìí èké ni. Lórí ọdún 1999, òótọ́ ló ń sọ: àwọn èèyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ rélùwéè ìgbèríko kó tó kú. Ẹ̀wù eré yẹn náà ló wọ̀ tó fi ń gbé èrò títí di 2005.

Lọ́dún 1902 ni Ikutora ṣí. Láti 1907, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ kọjá ló gun òkè Karikachi lọ sí ìlà-oòrùn Hokkaido. Ní 1981, wọ́n ṣí ọ̀nà àbùjá Sekisho, àwọn ọkọ̀ ayára sì kó lọ síbẹ̀. Ìjì ńlá oṣù kẹjọ ọdún 2016 ló ba ojú irin jẹ́, wọn kò sì tún un ṣe. Lójú tiwa, ọdún 1981 ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjì kàn bá a lórí ibùsùn ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n pa kìlómítà 81.7 láti Furano dé Shintoku rẹ́.

Nínú fíìmù, Horomai ni wọ́n pe Ikutora, ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Pátákó Horomai ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà.