Igi Gogoro Lójú Títì: Ìtàn Àmì Ìsọ̀ ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1375, nígbà tí Ọba Edward Kẹta ń jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ àwọn ọlọ́tí títì Cheapside dé iwájú Olórí Ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọlọ́tí kọ̀ọ̀kan ní òpó tí ó nà síta láti ara ilé rẹ̀, tí ó so ìdì ewé mọ́ lórí, kí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ lè ti òkèèrè mọ̀ pé ọtí ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti na tirẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ a na tirẹ̀ kọjá ibẹ̀, títí òpó fi di ìdènà fún àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń kọjá, tí ìwúwo rẹ̀ sì ń ba ara ilé tí ó gbé e jẹ́. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé òpó kankan kò gbọdọ̀ yọ sójú ọ̀nà ọba ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, àti pé ẹni tí ó bá tàpá sí àṣẹ yìí yóò san ìtanràn pẹ́ńsì 40, owó tí ọ̀gá káfíńtà ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó rí. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti í wò ó. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wo tiwọn lókèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó pé irinwó ọdún kí wọ́n tó rí i gé.

Kí a má baà dá àwọn ọlọ́tí lẹ́bi ju bí ó ti tọ́ lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí àmì jẹ́ fún oníṣòwò ayé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀wé, ilé kò sì ní nọ́ńbà. Àwòrán tí ó ń fì lókè ẹnu ọ̀nà ni orúkọ ẹni, òun ni oríkì rẹ̀, òun náà ni àdírẹ́sì rẹ̀. Òpó abilà ni a fi ń mọ onígbàjámọ̀, òbìrí mẹ́ta ni a fi ń mọ ẹni tí ń gba ìdógò, ṣúgà tí a mọ ṣónṣó sì ń júwe ìsọ̀ oúnjẹ. Àwọn òǹtẹ̀wé tí ó wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ a máa tẹ orúkọ àmì wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ìjọba pàápàá fi ọwọ́ ọ̀tún bá àmì wí, ó sì fi òsì fà á mọ́ra, nítorí ní ọdún 1393, lábẹ́ Ọba Richard Kejì, a pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá pọn ọtí láti tà gbọ́dọ̀ gbé àmì síta, kí àwọn tí a yàn láti máa tọ́ ọtí wò lè mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.

Lábẹ́ Ọba Charles Kìíní, ọba fún àwọn ará ìlú náà ní ìwé àṣẹ láti gbé àmì kọ́ sójú títì, kí a lè tètè rí ibùgbé àti iṣẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti kọjá ààlà. Lẹ́yìn tí iná ńlá ti jó ìlú ní ọdún 1666, òfin àtúnkọ́ ní kí a kan àmì mọ́ ara ilé, kí ó má fì sójú ọ̀nà mọ́. Àwọn oníṣòwò gbọ́, wọn kò gbà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1711, Joseph Addison kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn *The Spectator* láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìmàdò aláró, kìnnìún pupa, ẹlẹ́dẹ̀ abìyẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wọ ẹ̀wù irin tí wọ́n kún ojú pópó. Bákan náà ni ọmọ ṣe orí ní ìlú Paris. Louis-Sébastien Mercier, òǹkọ̀wé ará ibẹ̀, sọ nípa bàtà gíga tí ó tó àgbá ọtí, kẹ́sẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àti ìbọ̀wọ́ kan tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè wọ inú ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá ń gbé lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ìyà rẹ̀. Títì tóóró ni títì ìgbà náà, àwọn pátákó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ara wọn lókè, tí oòrùn kò fi rí ilẹ̀ tàn sí dáadáa. Bí òjò bá dá, àmì ṣì ń kán sórí ẹni tí ń kọjá, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́, irin tí ó gbé e dúró a máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọdún 1718, ní Bride Lane, létí Fleet Street, àmì kan tí ó ti wúwo ju agbára ògiri lọ ya lulẹ̀, ó sì fa iwájú ilé náà dání. Ènìyàn mẹ́rin ni ó pa: ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, aránbàtà kan, àti ẹni tí ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ọba. Pátákó kò bi aránbàtà àti ẹni ọba léèrè ipò wọn kí ó tó wó. Ó dùn mí láti kọ ọ́ pé lẹ́yìn òkú mẹ́rin yìí, ọdún 44 tún kọjá kí ìlú tó ṣe ohun tí ó yẹ.

Èmi kò rò pé àìláàánú ni ó fà á. Nínú gbogbo oníṣòwò títì kan, ta ni yóò kọ́kọ́ gé tirẹ̀ kúrú? Ẹni tí ó bá gbọ́ràn sí òfin ní òwúrọ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́, oníbàárà kò ní rí i mọ́ ní ọ̀sán. Ìtanràn tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan lónìí, lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún tí ń bọ̀, dà bí owó orí lójú ọlọ́rọ̀: ó san án, ó sì jẹ́ kí pátákó rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé òfin ń gba àmì lọ́wọ́ ènìyàn láì fún un ní ohun mìíràn tí a lè fi mọ ilé rẹ̀, bí ẹni gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú tí kò sì fà á lọ́wọ́.

Ní ọdún 1761 ni Sartine, olórí ọlọ́pàá Paris, ní kí gbogbo àmì lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó má sì yọ síta ju íńṣì 4 lọ, àti férémù àti ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1762, a gbé òfin kalẹ̀ fún Westminster, ìlú tí ó bá Lọ́ńdọ̀nù pààlà, nípa títún títì ṣe, a yan àwọn kọmíṣọ́nà, a sì fún wọn ní agbára láti yọ àmì tí ó bá fì sójú ọ̀nà. Ní ọdún díẹ̀ sí i, àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù gan-an tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ àwọn akunlé tí ń kun àmì ní Harp Alley bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1762 yẹn kan náà, òǹkọ̀wé kan, Bonnell Thornton, kó àwọn àmì jọ sí Bow Street fún ìpàtẹ, William Hogarth ayàwòrán sì lọ́wọ́ sí i. Ohun tí ó fi ìdí àṣeyọrí múlẹ̀ ni pé gbogbo òpópónà ni àṣẹ bá wí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí àmì aládùúgbò rẹ̀ lè yọ ju tirẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà ilé ló parí iṣẹ́ náà. Prescot Street, ní ìlà oòrùn ìlú, ti ń lo nọ́ńbà láti bí ọdún 1708, ṣùgbọ́n ọdún 1765 ni òfin fún àwọn aláṣẹ ìlú ní àyè láti fi nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wá oníṣòwò kan kò ní láti gbé ojú sókè mọ́. Àwọn ilé ọtí di àmì tiwọn mú, àwọn onígbàjámọ̀ náà kò sì gbé òpó wọn jù nù, ní ìwọ̀n tí kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọdún 1902, nígbà tí a fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé, àwọn ilé báńkì Lombard Street tún gbé àmì àtijọ́ kọ́ sójú títì, tata oníwúrà ti ìdílé Gresham, àwọn oníṣòwò àtijọ́ kan, sì wà lára wọn. Fún ẹwà ni wọ́n fi gbé wọn kọ́. Àwọn oníbàárà wọn ti mọ nọ́ńbà ilé kí wọ́n tó kúrò nílé tiwọn.