Etí Ṣáájú Ojú: Ìró Èdè àti Ìwé Kíkà Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Etí tí ó ti mọ ìró ni ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ Yorùbá ń kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí ó tó mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó ti gbọ́ àlọ́, ó sì ti gbọ́ dùndún tí ń fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀.

Ìtàn àkọtọ́ Yorùbá fi hàn pé ojú kò gbọdọ̀ ṣáájú etí. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Síbẹ̀, ìwé kò bá ẹnu mu tán. Wọ́n ń kọ "aiye" àti "nwọn" nígbà tí ẹnu ń pe ayé àti wọ́n. Ọmọ tí ó bá fi tọkàntọkàn ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ ṣìnà. Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé tí ó kọ ní 1965 lórí àkọtọ́; ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ó túbọ̀ sún mọ́ ohun tí a ń pè.

Ní 1970, Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí, ábídí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ ń mọ̀. Nítorí náà, wọn a máa pín "gb" sí méjì, bẹ́ẹ̀ ìró kan ṣoṣo ni. Wọn a sì ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n igba kì í ṣe igbá, ìgbà kì í ṣe ìgbá, bẹ́ẹ̀ ni igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tún un ṣe kò nílò owó. Kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: ò-ro-ǹ-bó, ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí pé ǹ dá dúró. Kí wọ́n fi dò, re, mí kọ igbá àti ìgbà lórin. Nígbà tí etí bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì.