Bí A Ṣe Ń Yẹ Ajá àti Ológbò Wò fún Eégbọn, àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́ Láìséwu

Ní àwọn abúlé oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ní ajá tó ń ṣọ́ oko tàbí tó ń bá wọn ṣọdẹ, àti ológbò tó ń lé eku nídìí àgbàdo. Ẹ̀sìn Islām gbà wá láyè láti ní ajá fún ọdẹ, fún oko àti fún ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ àǹfààní ẹranko, ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Eégbọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ lásán. Bó ṣe ń mu ún ló lè máa fi àrùn bíi babesia àti ehrlichia sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí eégbọn bá ṣe pẹ́ tó lára ni ewu náà ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́.

Ibi tó yẹ ká wò

Ẹ fi ọwọ́ la irun ẹran náà láti orí dé ìrù. Ẹ wo inú àti ẹ̀yìn etí, ọrùn, abíyá, ìtan, abẹ́ ìrù àti àárín ìka ẹsẹ̀. Eégbọn tí kò tíì yó kéré bíi yànmọ̀tí. Èyí tó ti yó lè tóbi tó ẹ̀wà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ má baà fa orí ọmú ẹran náà.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

1. Kí ẹni tí ẹran náà mọ̀ dì í mú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́.
2. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún mú orí eégbọn níbi tó ti kan awọ gan-an. Ẹ má mú ikùn rẹ̀.
3. Ẹ fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má lọ́ ọ, ẹ má já a lójijì.
4. Ẹ jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí àwọn àrùn kan lè ti ara eégbọn wọ ara ènìyàn.
5. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín. Bí ẹnu eégbọn bá kù sínú awọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ wú u. Awọ yóò tì í jáde.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná jó o. Ìnira yẹn lè mú kí eégbọn pọ ohun inú rẹ̀ sínú ọgbẹ́. Èyí tó burú jù ni Sniper. Májèlé ni, ó ń gba awọ wọlé, ajá ń lá a, ọwọ́ ọmọdé sì ń kàn án. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀. Bákan náà, ẹ má fi oògùn eégbọn ajá sí ológbò lára: permethrin tó wà nínú àwọn kan lára wọn lè pa ológbò.

Ẹ tún ilé ṣe

Ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eégbọn. Abo kan lè yé ẹyin tó lé ní 1,000 sínú ihò ògiri. Ẹ rẹ́ ògiri, ẹ gbá ibi tí ajá ń sùn, ẹ sun àkísà ibẹ̀, ẹ sì gé koríko àyíká.

Bí ajá kò bá jẹun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, tàbí sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn.