Nígbà Tí Olè Bá Ń Jàre Olóhun

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo yà sí ọjà Gbági nílùú Ìbàdàn láti ra aṣọ ìgbéyàwó, mo sì bá ìyá aláṣọ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tó káwọ́ lérí láàárín òkìtì àǹkárá, tí fóònù rẹ̀ wà lórí itan, tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lásọtúnsọ pé, "Èmi kọ́ o, èmi kọ́." Ẹnì kan ló pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ní kí ó jọ̀wọ́ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun, kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìpàdé. Ìyá kà á. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí WhatsApp rẹ̀ fi tì mọ́ ọn lójú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́ dáadáa, ẹni náà ti fi orúkọ ìyá àti àwòrán ojú ìyá kọ̀wé sí àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn dé Òṣogbo pé òun nílò owó kíákíá, àwọn méjì sì ti fi owó ránṣẹ́.

Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ni àwọn baba wa máa ń kì ní ìlú tí olè ti ń jàre olóhun. Mo ti gbọ́ oríkì náà láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ni mo tó rí i lójúkojú, nítorí pé olóhun jókòó síwájú mi nínú ìsọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ni ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni ohùn rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kọ́ ni olóhun, pé ẹni tó fara pamọ́ síbi tí a kò mọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpasẹ̀ ìtàn ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ìjà bá dé láàárín olè àti olóhun, ta ni yóò jẹ́rìí?

Ìbéèrè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní Ọ̀yọ́, bí Aláàfin bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìlàrí ni í rán, ẹni tí a ti fá apá kan orí rẹ̀, tí a ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí nígbà tí a ń fi í joyè, tí a sì ti fún ní orúkọ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba fúnra rẹ̀. Àmì iṣẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò sì sí afọwọ́rá tó lè jí orí ẹni gbé lọ. Àwọn tí kò ní ìlàrí a máa di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sójú okùn ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń wí pé àwa méjèèjì jọra, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ẹyọ méjì tó kọjú síra jẹ́ ọ̀rẹ́, èyí tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ìjà. Ní 1887, G. W. Bloxam fi irú àwọn àrokò bẹ́ẹ̀ han ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó gba àrokò kì í wo okùn nìkan: a wo ojú ẹni tó gbé e wá, a bi í ní agboolé rẹ̀, a sì béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé ẹni tó rán an. Bí ó bá kólòlò, okùn kò níyì mọ́.

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá kò lójú tí yóò fi wo èèyàn nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, kò sì ní ará ilé tí yóò bi léèrè. Ní 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà di ohun ìwòran fún ẹnì kejì, wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù lónìí. Kò pẹ́ tí olè fi wọ̀ ọ́. Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n ń fún òun lọ́sẹ̀ kò tó òun ṣe iṣẹ́. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní 1962, ó ní kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà jáde sórí ìwé, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta sì mọ́, ó lọ kó ìwé náà, ó wá ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó tó jẹ́wọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn kan náà, àṣìṣe ṣẹlẹ̀ tí fáìlì méjì gba ipò ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sínú CTSS, dípò ìkíni tó yẹ kí ó kà, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo èèyàn ni ó ń kà. Aṣọ kò bo Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà.

Láti inú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n tó ṣì ń ṣọ́ wa lónìí ti jáde. Ní 1979, Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà mọ ọ̀rọ̀ aṣínà láìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí a ti ń ṣe èlùbọ́ yóò yé é wéré: a sá iṣu, a lọ̀ ọ́, ó di ìyẹ̀fun, kò sì sí ọwọ́ tó lè sọ ìyẹ̀fun náà di iṣu padà. Ẹ̀rọ a lọ ọ̀rọ̀ rẹ kúnná, a pa ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ a di ohun ìgbàgbé. Nígbà tí o bá tún padà wá, a tún lọ èyí tí o mú wá, a sì fi ìyẹ̀fun wé ìyẹ̀fun. Wọ́n tilẹ̀ ń bu ohun kan sí i kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n pè ní iyọ̀, kí ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ èèyàn méjì má baà di ìyẹ̀fun kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi sí òṣìṣẹ́ kankan, bí ó ti wù kí o bẹ̀ ẹ́ tó, tó lè sọ ọ̀rọ̀ tí o gbàgbé fún ọ. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kí ó jẹ́ kí o fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀, o ní láti fi hàn án pé ìwọ ni ìwọ. Báyìí ni ilé wa ṣe ní ilẹ̀kùn kejì ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé náà sì ni àwọn olè kó ara wọn lọ.

Ìbéèrè àṣírí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí: ìdílé wo ni wọ́n ti bí ìyá rẹ, níbo ni o ti pàdé ọkọ rẹ, oúnjẹ wo ni o fẹ́ràn jù? Ẹni tó dàgbà sí agboolé yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn tó gbé ìbéèrè wọ̀nyí kalẹ̀ kò rò tiwa mọ́ ọn. Láàárín wa, ìdílé ìyá ẹni kì í ṣe àṣírí. Onílù a máa fi ìlù kì í lójú agbo, ìyá àgbà a máa fi í rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n ni a ń wò bí ẹni tí kò nílé. Àwọn òyìnbó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, nígbà tí Sarah Palin, gómìnà Alaska, ń díje fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tennessee wọ inú ímeèlì Yahoo rẹ̀ nípa dídáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà ní gbangba, ilé ẹ̀kọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé sì wà ní gbangba. Ilé ẹjọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́wọ̀n. Ní 2015, àwọn oníwàádìí Google fi hàn pé, láàárín àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá méfò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa oúnjẹ tí èèyàn fẹ́ràn jù yóò gbà á nínú nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Písà ni èsì náà. Ẹ gbé ìbéèrè náà wá sí Ìbàdàn, kí ẹ fi àmàlà dáhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ẹ̀rí lé fóònù lọ́wọ́, kóòdù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí síìmù. Síìmù pẹ̀lú ṣe é jí: ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 2019, àwọn kan gba nọ́ńbà Jack Dorsey, ẹni tó jẹ́ olórí Twitter fúnra rẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì fi í sọ ìsọkúsọ lórí àkáǹtì rẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tí síìmù rẹ̀ bá sọnù a lọ sí ọ́fíìsì láti ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní "welcome back", wọn a sì béèrè ìwé ìbúra lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a béèrè àwọn nọ́ńbà tó sábà máa ń pè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn: orúkọ àwọn èèyàn rẹ ni ẹ̀rí rẹ.

Kò sí ibi tí ọgbọ́n yìí ti hàn tó ti Facebook. Ní oṣù Kẹwàá 2011 ni wọ́n kéde ètò kan, ní 2013 wọ́n sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn lè lò: olóhun yóò yan ọ̀rẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún sílẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá sì tì mọ́ ọn, yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ náà, wọn yóò ka kóòdù fún un, nígbà tó bá gbà á pé láti ọwọ́ mẹ́ta, yóò wọlé. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ìgbìmọ̀ agboolé tó! Kí olè tó lè wọlé, yóò kọ́kọ́ tan èèyàn mẹ́ta tó mọ ohùn olóhun, tó mọ ẹ̀rín rẹ̀, tó mọ bí ó ti ń kí wọn. Èmi náà mọ̀ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, àti pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè gbìmọ̀ ibi. Síbẹ̀, ó dùn mí nígbà tí wọ́n pa ètò náà tì nígbẹ̀yìn, ayọ̀ mi sì pọ̀ nígbà tí Instagram, ní oṣù Kejìlá 2022, ṣí ojúde kan fún àwọn tí olè ti gba àkáǹtì wọn, tí ó sì jẹ́ kí olóhun lè yan ọ̀rẹ́ méjì láti jẹ́rìí òun.

Ojú ni wọ́n ń béèrè jù báyìí. Olóhun yóò di fóònù mú, yóò yíjú sọ́tùn-ún, yóò yíjú sósì, ẹ̀rọ yóò sì fi fídíò náà wé àwọn àwòrán tó wà lórí àkáǹtì. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò gbé ojú ara rẹ̀ síbẹ̀ rí, àwòrán ọjà nìkan ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè fi ojú èèyàn wé àǹkárá.

Ìyá aláṣọ ń kọ́? A jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a pa WhatsApp rẹ́, a tún gbé e wọlé, a fi nọ́ńbà rẹ̀ béèrè kóòdù tuntun, ó sì dé: nọ́ńbà mẹ́fà, ẹ̀fà. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́ tán báyìí ni ilẹ̀kùn ti olè jáde. Àmọ́ olè ti fi àgádágodo tirẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó lọ, nọ́ńbà kejì tí òun nìkan mọ̀, òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà kejì náà yóò dúró fún ọjọ́ méje. Olè kò lè wọlé, olóhun kò lè wọlé. Fún ọjọ́ méje náà, ìyá rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó fi fóònù ọmọ rẹ̀ pe àwọn ará Òṣogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì tó ti fi owó ránṣẹ́ sì ni ó kọ́kọ́ pè, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé òun ni ó jalè.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ilẹ̀kùn ṣí. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó súnmọ́ fóònù pẹ́kípẹ́kí, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi rèé." Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ohùn àkọ́kọ́ fi dé láti Òṣogbo, ohùn arúgbó obìnrin kan, tó ń pè é ní orúkọ tí kò sí lórí àkáǹtì kankan: "Àníkẹ́! Ìwọ nìyẹn."