Àjà Àná, Àjà Òní

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ọ̀rọ̀ kan lè dúró kí ohun tó ń pè yí padà. Ewé gbòdògì ni Ìjẹ̀bú fi ń bo ilé tẹ́lẹ̀. Iná ò ṣòro fún un láti mú, nítorí náà àwọn baba wa a máa to igi líle sórí ògiri, wọn a rẹ́ amọ̀ lé e. Àjà nìyẹn: ó ń dá iná dúró, ó sì ń gbé ẹrù.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ọdún 1892, ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀, páànù sì gba ipò gbòdògì díẹ̀díẹ̀. Bí amọ̀ ṣe kúrò nìyẹn, tí sílìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọlé. Àjà náà la ṣì ń pè é o! Orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù síbẹ̀, kó jẹ́ kí káfíńtà kọ́kọ́ to igi àti pátákó tó nípọn, kí ẹrù sì jìnnà sí wáyà iná.