Àtúnkọ́ Ìgbèríko Guatemala Lẹ́yìn Ìmìtìtì Ilẹ̀ 1976 àti Ipa Àwọn Ìjọ Kristẹni

Iṣẹ́ ìrànwọ́ tí àwọn ìjọ Kristẹni ṣe ní ìgbèríko Guatemala lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1976 wà káàkiri inú ìwé tí kò bá ara wọn mu. Àwọn ìjọ ka iye ilé tí wọ́n kọ́ àti iye ọkàn tí wọ́n jèrè. Àwọn onímọ̀ ìdàgbàsókè ń bá iye owó àgbàdo jà. Àwọn òpìtàn ogun abẹ́lé kò sì lè ya páànù òrùlé tí wọ́n pín ní ọdún 1976 kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ ní ọdún 1982. Kíkà wọ́n pọ̀ nìkan ló lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni.

Ìmìtìtì kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ náà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 1773 wó olú-ìlú tí à ń pè ní Antigua lónìí, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Pedro Cortés y Larraz sì kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n kó lọ síbòmíràn. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì dé ní 1882, nígbà tí Ààrẹ Justo Rufino Barrios gba míṣọ́nnárì Presbyterian, John Clark Hill, wọlé. Ìmìtìtì 1902 ba Quetzaltenango jẹ́, ti 1917 sí 1918 sì ba olú-ìlú tuntun jẹ́.

Ní aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú kan, ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1976, ilẹ̀ sán lójú ìlà Motagua, níbi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti là, pẹ̀lú agbára 7.5. Nǹkan bí 23,000 ènìyàn kú, àwọn tó di aláìnílé sì lé ní 1,000,000. Agbègbè Chimaltenango, níbi tí àwọn Maya tó ń sọ èdè Kaqchikel pọ̀ sí, ló jìyà jù: San Martín Jilotepeque, Comalapa, Tecpán, Patzicía. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn ni wọ́n fi mọ ògiri níbẹ̀, wọ́n sì fi àwo amọ̀ tó wúwo bo òrùlé. Orí àwọn tó ń sùn ni gbogbo rẹ̀ wó lé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé oníkọnkéré àwọn ọlọ́rọ̀ ní olú-ìlú dúró digbí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi sọ pé ìmìtìtì yìí mọ tálákà yàtọ̀ sí olówó. Àwọn oníwàásù kan ní ìbínú Ọlọ́run ni. Àwo òrùlé ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ rọ́ wọlé láti ibi gbogbo. Àwọn Mennonite wá. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún yẹn kan náà. Gospel Outreach láti Eureka ní California dé, òun ló sì bí ìjọ Verbo.

Àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kí a dúró lé lórí ni ti World Neighbors. John Peters, pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì ní Oklahoma, ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1951, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi ìwàásù kún ìrànwọ́ rẹ̀. Láti 1972 ni ó ti wà ní San Martín, tó ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí àgbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn àgbẹ̀ tó kọ́ yìí ni aráàlú gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Pẹ̀lú Oxfam àti Fred Cuny, onímọ̀ ìrànwọ́ àjálù, World Neighbors bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi orúkọ tí àwọn Maya ń pe àáró sọ: Kuchuba'l. Wọn kò kọ́lé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́ àwọn kọ́lékọ́lé bí a ṣe ń ri òpó sí igun ilé, bí a ṣe ń fi igi dábùú rẹ̀, àti ìdí tí òrùlé fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìwé alápèjúwe pẹ̀lú ilé àwòkọ́ṣe ni wọ́n fi kọ́ wọn. Páànù kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń tà á ní ẹ̀dínwó. Àwọn tó gbàgbọ́ pé ọ̀fẹ́ nìkan ni àánú bínú sí èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó fowó ra páànù ló ń yan bí ilé òun yóò ṣe rí. Iléeṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nígbà tó yá.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù dá lórí oúnjẹ. Catholic Relief Services àti CARE kó oúnjẹ láti Amẹ́ríkà wá, bẹ́ẹ̀ ìkórè tó ṣáájú ìmìtìtì dára gan-an. Àgbẹ̀ tó fẹ́ ta àgbàdo kó lè ra páànù rí i pé owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Àwọn tó gbèjà ìrànwọ́ náà ní ọ̀pọ̀ àká ló wà lábẹ́ àwókù ilé, òótọ́ sì ni: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹni tí àká rẹ̀ wó kò lè dúró de ọjà. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ni pé oúnjẹ náà kò dáwọ́ dúró nígbà tí àgbẹ̀ ti hú ọkà rẹ̀ jáde.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àwọn ajíhìnrere ń fi páànù ra ọkàn. Kò ṣàìsí ìjọ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Pẹntikọ́sítì ti ń pọ̀ sí i láti ọdún 1960 síwájú, ní àwọn abúlé tí páànù kankan kò dé pẹ̀lú. Àwọn Kátólíìkì kò sì wà níṣọ̀kan: nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà nípa àìdọ́gba ilẹ̀ àti ọrọ̀ ní oṣù Keje 1976, Kádínà Mario Casariego kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ogun abẹ́lé ló ba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àtúnkọ́ náà jẹ́. Ní ojú àwọn ológun, ẹni tó ń kó àgbẹ̀ jọ jẹ́ ọ̀tá. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ aṣíwájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Chimaltenango, àwọn mìíràn sì sá lọ. Ní oṣù Kẹta 1982, Efraín Ríos Montt, ọmọ ìjọ Verbo, gorí àlééfà lẹ́yìn ìfipágbàjọba. Ìjọ rẹ̀ ń pín ìrànwọ́ ní ilẹ̀ àwọn Maya Ixil níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń sun abúlé. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ ní 1999 sọ pé ó lé ní 200,000 ènìyàn tó kú tàbí tó pòórá nínú gbogbo ogun náà, àti pé ọwọ́ ìjọba ló wà lẹ́yìn 93 nínú ọgọ́rùn-ún ìwà ìkà tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀.

Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tó parí ogun náà ní 1996, àwọn ìjọ tún padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìjì Mitch (1998) àti Stan (2005), lẹ́yìn tí òkè Fuego bú gbàmù ní 2018, àti lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ bo abúlé Quejá mọ́lẹ̀ ní 2020. Ní Panabaj, níbi tí ẹrẹ̀ ti sin abúlé nígbà ìjì Stan, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé tuntun sí ojú ibi tí ewu ṣì wà, kí wọ́n tó kó àwọn ènìyàn lọ sí Chuk Muk.